Ọwọ́ Àgbàlagbà Kò Wọ Kèrègbè: Bí A Ṣe Ń Yan Fóòmù fún Ẹ̀rọ Tó Ń Mú Ọkọ̀ Dán

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn súnmọ́ iwájú díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń fọ ọkọ̀, tó ń kun ọkọ̀, tó ń fi ẹ̀rọ mú ọkọ̀ dán lẹ́bàá títì la ń lọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Kí ló kan èmi àgbẹ̀ nínú ọkọ̀ dídán?" Ó kàn yín o. Bóyá ọmọ yín wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Bóyá ẹ̀yin fúnra yín á ra ọkọ̀ àlòkù lọ́la. Bí kò bá sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ ṣì ní alùpùpù nílé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Mo ní ọkọ̀ àlòkù kan, dúdú ni. Ìgbéyàwó àbúrò mi ku ọjọ́ mẹ́rin, mo gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Sakété sí Pobè. N kò ní dárúkọ wọn. Ọmọ iṣẹ́ kan, tó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ kan ló ní, fóòmù kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu ẹ̀rọ ọ̀hún, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìdérí ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní kapó, ti ń dán bíi dígí. Inú mi dùn. Bó ṣe dé etí ibi tí iná iwájú wà, ó rí i pé ojú ibẹ̀ ń ṣe funfun díẹ̀. Ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó tún tẹ ẹ̀rọ mọ́ ọn. Nígbà tó gbé e kúrò, ọ̀dà dúdú ti lọ, ọ̀dà eléérú tó wà nísàlẹ̀ ti yọ jáde, ó gùn tó ìka méjì.

Ọ̀gá rẹ̀ jáde, ó figbe ta. Ó ní, "Ìwọ lo máa san án! Bí o kò bá san án, má padà wá síbí mọ́." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ọmọ náà wá bá mi nílé. Gàrí ló ń tà lọ́jà Pobè. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti lò níbẹ̀. Owó tí mo fi mú un wọ iṣẹ́, mi ò tíì san gbèsè rẹ̀ tán."

N kò lè sùn dáadáa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ bá ọ̀gá náà, mo kí i, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Fóòmù mélòó lẹ ní fún iṣẹ́ yìí?" Ó ní ẹyọ kan ni. Mo ní, "Ta ló kọ́ ọmọ yìí pé kò gbọdọ̀ gbé fóòmù ńlá dé etí?" Ó dákẹ́. Òun náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wá àgbà oníṣẹ́ kan tó ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ ní Kútọnu, kó ṣàlàyé fún mi. Ohun tó kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ́ yín.

Ọ̀DÀ ỌKỌ̀ KÒ NÍPỌN RÁRÁ

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ya ewé kan nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé, ó ní kí n fi ìka méjì mú un. Ó ní, "Gbogbo ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kun sára ọkọ̀, látorí irin títí dé òkè, lọ́pọ̀ ìgbà kò ju ìnípọn ewé ìwé kan sí ewé kan àbọ̀ lọ." Ẹ gbọ́ o. Ọ̀nà mẹ́ta sì ni ọ̀dà yẹn pín sí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ọ̀dà eléérú tó lẹ̀ mọ́ irin. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àwọ̀ tí ojú wa ń rí. Èyí tó wà lókè pátápátá ni fánìṣì tó mọ́ gaara bí omi. Fánìṣì yìí ló ń dán, òun nìkan sì ni ẹ̀rọ yẹ kó fọwọ́ kàn. Ìnípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ìdajì ewé ìwé lọ.

Nígbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ mú ọkọ̀ dán, a ò fi nǹkan kún ọ̀dà, ńṣe là ń há díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ kí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó dà bí òwú aláǹtakùn lè parẹ́. Torí náà, ọkọ̀ tí wọ́n bá ti ń mú dán lọ́dọọdún, ohun tó kù lójú rẹ̀ kéré. Ní etí àti ní ìgun, ọ̀dà máa ń tín-ín-rín ju ti àárín lọ, nítorí ó máa ń ṣàn kúrò níbẹ̀ kó tó gbẹ. Ibẹ̀ náà sì ni gbogbo agbára ẹ̀rọ máa ń bọ́ sí lójú kan. Ẹ rí i pé ọ̀tá méjì ló pàdé níbẹ̀.

KÍ NI TÍTÓBI FÓÒMÙ FI ṢE?

Ẹ ti rí àwọn ọmọdé tó di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n tò gbọọrọ, tí wọ́n wá ń yí po lójú kan. Èyí tó wà láàárín kàn ń yí ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà ní ìparí ńkọ́? Ó ń sáré àsápajúdé ni! Bẹ́ẹ̀ náà ni fóòmù ṣe rí. Bó ṣe ń tóbi sí i ni etí rẹ̀ ń sáré sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyípo ẹ̀rọ kò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí fóòmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 150 ń rin nǹkan bíi mítà 700 ní ìṣẹ́jú yẹn. Ìyẹn ju kìlómítà 40 lọ ní wákàtí, bíi zẹ́mì tó ń sáré láàárín ìlú. Fóòmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 75, nǹkan bíi mítà 350 letí rẹ̀ ń rìn. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 21 ní wákàtí, bíi ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ dáadáa. Eré ló ń mú ooru wá, ooru ló sì ń jó ọ̀dà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé fóòmù kékeré ló dára níbi gbogbo. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Fóòmù ńlá yẹn fẹ̀ ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá fi kékeré ṣe òrùlé ọkọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní dọ́gba. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí kékeré pẹ́ lójú kan, gbogbo ooru rẹ̀ á kó jọ síbẹ̀, òun náà á jó ọ̀dà. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Fóòmù ńlá ní iṣẹ́ tirẹ̀, kékeré náà ní tirẹ̀.

ÈWO LÓ YẸ NÍBO?

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ mú bíírò yín.

Mìlímítà 150, tí àwọn tó ń lo íǹṣì ń pè ní íǹṣì 6: èyí wà fún ibi tó fẹ̀, tó tẹ́jú. Òrùlé ọkọ̀, àárín kapó, ìdérí ẹ̀yìn, ara bọ́ọ̀sì.

Mìlímítà 125 sí 130, ìyẹn nǹkan bíi íǹṣì 5: èyí ni ó wúlò jù. Ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ tó bo táyà, kapó ọkọ̀ kékeré. Bí owó yín bá tó ẹyọ kan ṣoṣo báyìí, èyí ni kí ẹ rà.

Mìlímítà 75, ìyẹn íǹṣì 3: fún bọ́ńpà, fún òpó tó wà láàárín fèrèsé méjì, fún abẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́, fún àyíká ọwọ́ ilẹ̀kùn, àti fún táńkì alùpùpù.

Ibi tí èyí tó kéré jù kò bá wọ̀, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ àti pólíìṣì díẹ̀ ṣe é lọ́wọ́.

Òfin kan ṣoṣo tí ẹ lè fi sọ́kàn ni pé fóòmù gbọ́dọ̀ kéré ju ibi tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ. Bí ìdajì fóòmù bá ti ń fò ré kọjá etí, ó ti tóbi jù níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ fi téèpù ìwé, irú èyí tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń lò, bo gbogbo etí àti ìlà tó yọ sókè. Ẹ kọ́kọ́ mú àárín dán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí téèpù, kí ẹ rọra fi ọwọ́ tàbí fóòmù kékeré ṣe etí.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́ńpà dáadáa. Ike ni, kì í ṣe irin. Irin máa ń gba ooru, á sì tàn án káàkiri. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru á dúró lójú kan, ọ̀dà á sì rọ̀ kíákíá. Ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́, ó ti gbóná jù, ẹ sinmi.

ẸNU Ẹ̀RỌ ÀTI ÀWO RẸ̀

Fóòmù kì í dá dúró, ó ń lẹ̀ mọ́ àwo líle kan lẹ́nu ẹ̀rọ. Àwo yẹn gbọ́dọ̀ kéré ju fóòmù lọ, kí etí fóòmù yọ jáde yí ká ní ìwọ̀n ìdajì ìka. Bí àwo àti fóòmù bá dọ́gba, ọjọ́ tí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, àwo líle ló máa gbá ọ̀dà, ohun tó bá sì gé, pólíìṣì kò lè tún un ṣe.

Ẹ̀rọ náà kò rí bákan náà. Ọ̀kan wà tó kàn ń yí po tààrà. Ó lágbára, ó yára, ó sì tètè ń jó ọ̀dà. Èkejì ń yí po, ó tún ń mì lọ mì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fóòmù tó tóbi jù tàbí tó nípọn jù sí èyí tó ń mì, kò ní lágbára láti yí i mọ́, á kàn máa gbọ̀n lásán. Ẹ fi bíírò fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ rí i pé ìlà yẹn dúró sójú kan, ẹ dín ọwọ́ tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ kù, tàbí kí ẹ lo fóòmù tó kéré sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́. Àwọn kan ń mú ẹ̀rọ tí àwọn sùdé fi ń gé irin, wọ́n ń so fóòmù mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Ẹ̀rọ yẹn lè yí ní ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí fóòmù mìlímítà 125 bá wà lẹ́nu rẹ̀, etí fóòmù ń sáré ju kìlómítà 250 lọ ní wákàtí. Kò ní jó ọ̀dà nìkan, fóòmù lè já, kó sì fò bá ojú ẹni tó dì í mú.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ỌJÀ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, mìlímítà lẹ máa rí lára ọjà púpọ̀. Èyí tó bá gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò àti Igolo wọlé láti Nàìjíríà, íǹṣì ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ẹ má jẹ́ kó dà yín lọ́kàn rú. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25 àti díẹ̀. Torí náà, íǹṣì 3 àti mìlímítà 75, ọmọ ìyá ni wọ́n. Íǹṣì 5 àti 125 náà bẹ́ẹ̀, íǹṣì 6 àti 150 náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú àwo ẹ̀rọ yín dání lọ sọ́jà, ẹ gbé e lé ẹ̀yìn fóòmù níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ má ra á nítorí àwọ̀. Pupa ilé iṣẹ́ kan lè le, pupa ilé iṣẹ́ mìíràn sì lè rọ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: èyí tó le ń há ọ̀dà púpọ̀, èyí tó rọ̀ ń mú un dán. Dípò kí ẹ ra fóòmù ńlá kejì, ẹ ra kékeré méjì, nítorí kékeré máa ń tètè gbó. Èyí tó bá ti kún fún pólíìṣì gbígbẹ, ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi tí òòrùn kò ti pa á jù. Fóòmù tó bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ má lò ó láìfọ̀, nítorí iyanrìn kan ṣoṣo ti tó láti fa ìlà sára ọkọ̀ látòkè délẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù náà, ẹ fetí sílẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 tó sọ pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. A kúkú mọ̀ pé Kútọnu jẹ́ ọ̀kan lára ẹnu ọ̀nà wọn. Nígbà tí Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní 2017, ọjà náà dínkù, olùtà sì ń wá gbogbo ọ̀nà tí tirẹ̀ á fi wu oníbàárà. Ọkọ̀ tó ń dán kọ́ ni ọkọ̀ tó dára o. Ẹ wo etí kapó, ẹ wo ìgun ilẹ̀kùn nínú oòrùn. Bí àwọ̀ ibẹ̀ bá yàtọ̀ tàbí tó ṣe bàìbàì, wọ́n ti há a jù. Ẹ dín owó rẹ̀ kù.

ARA ẸNI TÓ Ń ṢIṢẸ́ ŃKỌ́?

Ọ̀dà ọkọ̀ ṣe é tún kùn. Ojú àti etí kò ṣe é rà lọ́jà. Bí ẹ̀rọ bá ń ké débi pé ẹ ní láti pariwo kí ẹni tó wà nítòsí tó gbọ́, ariwo yẹn ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá ìdí-etí. Ẹ lo dígí ojú àti ìbòmú tó fún dáadáa, pàápàá bí ẹ bá ń fi pépà há ọ̀dà kí ẹ tó mú un dán. Ẹ má wọ bùbá alápá gbọọrọ, ẹ má jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rọ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé wáyà ẹ̀rọ kọ́ èjìká, kó má baà wé mọ́ fóòmù. Ẹ má fi ẹsẹ̀ tútù dúró sínú omi ìfọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ iná lọ́wọ́. Bí ìka bá ń kú lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ máa sinmi díẹ̀díẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Ẹ fọ ọkọ̀ dáadáa kí fóòmù tó kàn án. Ilẹ̀ pupa tiwa ní Sakété àti Pobè ń di eruku lójú ọkọ̀, ní àkókò ọyẹ́ pàápàá. Ẹ̀yin tó ń gba iwájú ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ní Onigbolo kọjá, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku rẹ̀. Omi púpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i.

ÌBÉÈRÈ LÁTI Ọ̀DỌ̀ YÍN

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ olùgbọ́ béèrè pé: "Ọ̀gá ọmọ mi, fóòmù kan ló ní. Kí lọmọ mi á ṣe?"

Ìyá wa, kí ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ sọ fún ọ̀gá pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ ṣe àárín, kí n fi ọwọ́ ṣe etí." Kò ná ọ̀gá ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin òbí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń mú ọmọ wọ iṣẹ́, ẹ béèrè níwájú ẹlẹ́rìí pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ta ni yóò san án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Arákùnrin onízẹ́mì kan béèrè bóyá òun lè fi ẹ̀rọ mú táńkì òun dán.

Ẹ lè ṣe é, àbúrò mi, pẹ̀lú fóòmù íǹṣì 3 tó rọ̀, ní ìyípo díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìdérí táńkì dé pinpin, tí epo kò sì ń jò. Bí òórùn epo bá wà níbẹ̀, ẹ má tan ẹ̀rọ rárá.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ tèmi ṣe parí. Mo ra ọ̀dà, ọ̀gá náà fi iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ sí i, ó tún kapó kùn láìgba owó. Ọmọ náà ló fi pépà há a, ó sì wo bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn kò lé e. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, fóòmù mẹ́ta ló wà lórí ìṣó lára ògiri: ńlá, àárín àti kékeré. Ọmọ náà ló ń fi han ọmọ iṣẹ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, kí ẹ tó túká, ẹ jíròrò lórí nǹkan mẹ́ta yìí. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ládùúgbò yín, irinṣẹ́ wo ni àwọn ọmọ iṣẹ́ nílò tí ọ̀gá wọn kò ní? Bí ọmọ iṣẹ́ bá ba nǹkan oníbàárà jẹ́ nítorí pé wọn kò kọ́ ọ, ta ló yẹ kó san án? Ṣé ẹgbẹ́ yín lè dáwó jọ ra fóòmù tàbí ìbòmú fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí?

Ẹ kọ èsì yín sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká jí ire.